Báwo ni ojú òpó ara ẹni ṣe ń mówó wọlé? Ìtàn láti ìsọ̀ Adjamé dé orí ayélujára

Bí ẹ bá wọ gbàkà ní Adjamé, tí ẹ dojú kọ ọ̀nà Abobo, ẹ ó gba Williamsville kọjá. Ibojì ńlá tó wà ní àdúgbò náà ni ọ̀pọ̀ ará Abidjan fi ń júwe rẹ̀ fún àlejò. Ṣùgbọ́n òwò kò jìnnà síbẹ̀ rárá, torí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Adjamé ni Williamsville wà, ọjà Adjamé sì wà lára àwọn tó tóbi jù ní Côte d'Ivoire.

Ẹni tó ń ta aṣọ, ẹni tó ń rán an, ẹni tó ń tún fóònù ṣe, gbogbo wọn ló ń wá oníbàárà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wà lórí WhatsApp àti Facebook. Àwọn tó ní ojú òpó tiwọn, èyí tó ń jẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù wọn, kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá sì gba ẹnì kan nímọ̀ràn pé kó ṣí ọ̀kan, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa bi yín ni pé, èló ló máa mú wá?

Ìbéèrè gidi ni. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí àwọn èèyàn ti ń wá ọ̀nà láti fi ojú òpó pa owó, ìtàn bí wọ́n ṣe ń wá a sì yàtọ̀ sí èyí tí àwọn tó ń ta ìdánilẹ́kọ̀ọ́ "bí ẹ ṣe lè di olówó lórí ayélujára" máa ń sọ. Wọ́n á ní ẹ ṣáà wá èrò, owó á tẹ̀lé e. Ní apá ibi tiwa yìí, èrò wá, owó ò dé. Ọ̀nà tí owó ìhín máa gbà wọlé ni kò sí, kò sì ṣí títí di ìgbà tí àpótí kékeré kan jókòó sẹ́bàá títì ní Abidjan.

Kí kọ̀ǹpútà tó dé

Ọmọ Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tajà ní Abidjan. Láti ayé àwọn Faransé ni wọ́n ti ń gba ilẹ̀ tó di Benin, Togo àti Ghana kọjá lọ síbẹ̀. Ẹ̀jìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni ìlú tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ Abidjan jù. Ọkọ̀ ń gbéra níbẹ̀ lọ tààrà sí Abidjan, ẹ ó gbọ́ èdè Faransé lẹ́nu àwọn ọmọ ìlú, owó CFA kì í sì í ṣe ohun àjèjì nínú ọjà wọn.

Láti Èkó dé Abidjan tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà. Ẹni tó bá máa tajà jìnnà sílé tó bẹ́ẹ̀ ní láti fọkàn tán ẹlòmíràn, kí ẹlòmíràn náà sì fọkàn tán an. Jeremy Eades, onímọ̀ tó kọ ìwé nípa àwọn oníṣòwò Yorùbá ní àríwá Ghana, èyí tó pè ní Strangers and Traders tó sì jáde ní 1993, sọ bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan tó ti ṣáájú dé, kí wọ́n tó dá dúró.

Ìwé náà tún rán wa létí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 1969, nígbà tí ìjọba Kofi Busia ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ Yorùbá pàdánù ṣọ́ọ̀bù àti ọjà wọn. Ohun tó dunni jù ni owó àwìn tó wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. A lè di ẹrù sínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe ń di oníbàárà sínú àpò.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn, a ó padà síbẹ̀.

Àwọn oníṣòwò wọ̀nyí ti mọ gbogbo ọ̀nà tí ojú òpó ń gbà mówó wọlé kí ojú òpó kankan tó wà láyé. Wọ́n mọ owó ìsọ̀, ìyẹn kí èèyàn ní àyè tó dára kó sì fi háyà fún ẹni tó fẹ́ pàtẹ níbẹ̀. Wọ́n mọ alárobọ̀, tí kò gbin ohunkóhun, àmọ́ tó mọ ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà, tó sì ń jẹ èrè àárín wọn. Wọ́n mọ èènì, ohun ọ̀fẹ́ tí ń mú kí oníbàárà padà wá. Wọ́n sì mọ àjọ, owó kékeré tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń dá déédéé sọ́wọ́ ẹnì kan.

Ọ̀rọ̀ ìpolówó pàápàá, bí ẹni ń pe olówó ló ṣe ń dún létí.

1994: Owó ìsọ̀ gorí ayélujára

Ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá 1994 ni ọ̀pọ̀ òpìtàn ayélujára fi ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn ni HotWired, ojú òpó kan ní San Francisco, gbé àwọn àwòrán ìpolówó gbọọrọ síta, tí ilé iṣẹ́ tẹlifóònù AT&T sì wà lára àwọn tó sanwó fún un. Bí ẹ bá tẹ àwòrán náà, ó máa gbé yín lọ sí ojú òpó ẹni tó ń polówó. Owó ìsọ̀ gan-an ni: àyè ni HotWired fi háyà.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, 1995, ni àwọn àmì .ci fún Côte d'Ivoire àti .ng fún Nàìjíríà wọ inú ètò orúkọ ayélujára. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà nílé kò tó nǹkan nígbà náà ní ìlú méjèèjì.

Ní 1996, Amazon, tó ń ta ìwé, mú ti alárobọ̀ dé. Ẹni tó bá ní ojú òpó kékeré lè kọ nípa ìwé kan, kó fi ọ̀nà tó lọ sí Amazon síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá sì gba ọ̀nà náà ra ìwé yẹn, Amazon á yọ kọmíṣọ̀n fún un. Kò ní kó ọjà pamọ́, kò ní di ẹrù, kò ní bá ẹnikẹ́ni ná an. Ọ̀nà yìí ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Jumia, tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2012 tó sì dé Abidjan lẹ́yìn náà, lo irú rẹ̀, ó sì tún gba àwọn aṣojú tó ń bá aládùúgbò wọn ra ọjà lórí ayélujára fún kọmíṣọ̀n.

Ti Abidjan fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lókè òkun. Ní 1998, àwọn ọmọ Côte d'Ivoire méjì tó wà ní Amẹ́ríkà, Jil-Alexandre N'Dia àti Daniel Ahouassa, dá Abidjan.net sílẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Paris, New York àti Montreal ń wá ìròyìn ilé, ìwé ìròyìn Abidjan kì í sì í tètè dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá 1999, tí ogun abẹ́lé sì bẹ̀rẹ̀ ní 2002, kò sí ẹni tó wà lókè òkun tí kò fẹ́ mọ ohun tó ń lọ nílé.

Ẹ kíyè sí i pé ojú òpó tí wọ́n fi orúkọ Abidjan pè, òkè òkun ni wọ́n ti ń ṣe é. Ibẹ̀ ni àwọn òǹkàwé tó ní íntánẹ́ẹ̀tì wà, ibẹ̀ náà sì ni báńkì àti káàdì wà.

Nígbà tí Google di alágbàtà

Kí ọdún 2003 tó dé, ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ gba ìpolówó sórí ojú òpó wọn ló ní láti fẹsẹ̀ ara wọn wá olùpolówó. Ojú òpó kékeré kan ní Ìbàdàn kò lè lọ kan ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní Jámánì. Ní oṣù Kẹfà 2003, Google gbé AdSense jáde, ó sì di alágbàtà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ ó fi àmì kan sínú ojú òpó yín, Google á máa fi ìpolówó tó bá ọ̀rọ̀ ibẹ̀ mu síbẹ̀, á sì pín owó náà pẹ̀lú yín.

Ọdún méje kọjá kí Google tó sọ ní gbangba bí ó ṣe ń pín in. Ní oṣù Karùn-ún 2010 ló jẹ́wọ́ pé ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti ẹni tó ni ojú òpó.

Nàìjíríà tètè rí ti ibi yìí. Seun Osewa dá Nairaland sílẹ̀ ní 2005, Linda Ikeji sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sórí ayélujára ní 2006. Ìpolówó ni àwọn méjèèjì fi jẹun. Àṣeyọrí wọn ló sì tan ìgbàgbọ́ kan ká láti Èkó dé Cotonou dé Abidjan, pé bí èèyàn bá ṣáà ti ní ojú òpó, ìpolówó á sọ ọ́ di olówó.

Èrò mi ni pé ìgbàgbọ́ yẹn ti ba ọ̀pọ̀ òwò kékeré jẹ́. Nàìjíríà ní èèyàn tó lé ní igba mílíọ̀nù, Nairaland àti Linda Ikeji sì ń bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń ránṣọ ní Williamsville kò nílò gbogbo wọn. Ẹni ogójì tó ń rán aṣọ ọdún tó fún un.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ìpolówó kì í san iye kan náà níbi gbogbo. Olùpolówó ń díje kí ojú ẹni tó máa rajà lè bọ́ sára ọjà rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń ka ojú òpó ní Paris fi máa ń níye lórí lójú rẹ̀ ju ẹni tó ń kà á ní Adjamé lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń kà. Ká ní ìgbà 1,000 tí wọ́n bá wo ojú òpó yín ń mú ààbọ̀ dọ́là wá, ká sì ní dọ́là kan jẹ́ 600 CFA. Kí ẹ tó lè rí 5,000 CFA, wọ́n gbọ́dọ̀ wò ó ju ìgbà 16,000 lọ. Ẹni tó bá ta lésì kan péré, tó sì jèrè 5,000 CFA lórí rẹ̀, ti bá yín dọ́gba pẹ̀lú oníbàárà ẹyọ kan.

AdSense kì í sì í sanwó títí ohun tó jẹ́ tiyín á fi pé 100 dọ́là. Lọ́wọ́ ààbọ̀ dọ́là tí a fi ṣe ìṣirò yẹn, ìgbà 200,000 ni wọ́n gbọ́dọ̀ wò ó kí owó àkọ́kọ́ tó jáde.

Bí ó bá wá jáde ńkọ́?

Owó tó dé ẹnu ọ̀nà tí kò lè wọlé

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, sọ̀wédowó ni Google fi ń sanwó fún àwọn tó ni ojú òpó ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ìwé náà ní láti gba ilé ìfìwéránṣẹ́ wá, ẹni tó gbà á ní láti ní àkáǹtì báńkì, báńkì sì ní láti gbà láti ṣe sọ̀wédowó dọ́là. Ẹni tó ń tajà lórí tábìlì ní Adjamé kò sábà ní àkáǹtì rárá. Alájọ ni báńkì tirẹ̀.

Ìṣòro tó tẹ̀lé e burú ju ti báńkì lọ. Láàárín ọdún 2000 sí 2010, àwọn ọ̀dọ́ kan kún inú àwọn cyber Abidjan, tí wọ́n ń fi ìfẹ́ èké àti ìlérí asán gba owó lọ́wọ́ àwọn ará Yúróòpù. Brouteur ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn ẹni tó ń jẹko, bí àgùntàn tó ń jẹun níbi tí kò gbìn sí. Àwa ní Nàìjíríà mọ irú wọn, Yahoo la ń pè wọ́n. Ìjọba Côte d'Ivoire dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní 2011 láti gbógun tì wọ́n, ó sì ṣe òfin lórí ìwà ọ̀daràn ayélujára ní oṣù Kẹfà 2013.

Kí òfin tó dé, orúkọ ti bàjẹ́. Ẹni tó ń fi òtítọ́ tajà láti Abidjan tàbí Èkó rí i pé bí òun bá ti dárúkọ ìlú òun, olùrà á sá. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gba owó lórí ayélujára pàápàá ń ṣọ́ra fún wa.

Nígbà tí PayPal ṣílẹ̀kùn fún Nàìjíríà, Côte d'Ivoire àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní oṣù Kẹfà 2014, ìdajì ilẹ̀kùn ló ṣí. Àwọn èèyàn wa lè fi PayPal sanwó fún ọjà tó wà lókè òkun, ṣùgbọ́n wọn kò lè fi gba owó. Owó lè jáde láti Williamsville lọ sí London. Kò lè gba ọ̀nà yẹn padà wá.

Ìdí nìyí tí àwọn ojú òpó tó ń tajà lágbègbè wa nígbà náà fi ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ó yan ọjà lórí ayélujára, ọlọ́kadà á gbé e wá, ẹ ó yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ó sì ka owó sí i lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ ńlá lè fara da ọlọ́kadà tó lọ tó bọ̀ lásán torí oníbàárà ti yí ọkàn padà. Olówò kékeré tó ní aṣọ mẹ́wàá péré kò lè fara dà á.

Àpótí ẹ̀bá títì

Kí fóònù tó di ohun gbogbo èèyàn ní Abidjan, wọ́n máa ń fi àpótí pákó ṣe ibi ìpè sẹ́bàá títì. Cabine ni wọ́n ń pè é. Ẹ ó sanwó fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ ó pè, ẹ ó sì máa lọ. Nígbà tí gbogbo èèyàn ra fóònù tán, ó yẹ kí àpótí yẹn kú. Kò kú.

Ní oṣù Kejìlá 2008, Orange gbé Orange Money jáde ní Côte d'Ivoire, ibẹ̀ ló sì ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní gbogbo ayé. MTN tẹ̀lé e lọ́dún kejì. Ẹni tó wà nínú cabine tó ń ta ìṣẹ́jú ìpè tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ yín tó ń fi sínú fóònù yín, tàbí tó ń yọ ọ́ jáde fún yín. Kò gba fóònù olówó ńlá, kò gba íntánẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà kúkúrú kan lẹ ó tẹ̀.

Ohun tó sọ ọ́ di àṣà ilé kì í ṣe òwò rárá, owó ilé ìwé ni. Ìjọba ní kí àwọn òbí máa san owó ìforúkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama láti orí fóònù, nígbà tó sì fi máa di 2014, ó ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún lọ tó ń gba ọ̀nà yẹn san án. Ìyá tí kò ní àkáǹtì báńkì rí, tó ti fi fóònù sanwó ilé ìwé ọmọ rẹ̀, kò ní bẹ̀rù láti fi san owó aṣọ.

Èyí ni mo fi sọ pé àpótí ẹ̀bá títì ló ṣí ọ̀nà. Àwọn òpìtàn ayélujára kì í ka cabine mọ́ ìtàn wọn, ó sì yẹ kí wọ́n kà á.

Ohun tó kù ni bí owó orí fóònù ṣe máa bá ojú òpó sọ̀rọ̀. Ní Abidjan, ilé iṣẹ́ CinetPay bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní 2016: olówò á so ojú òpó rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan, oníbàárà á sì lè fi Orange, MTN tàbí Moov san, èyí tó bá wù ú. Ní Nàìjíríà, níbi tó jẹ́ pé káàdì báńkì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò, Paystack ti bẹ̀rẹ̀ ní 2015. Ilé iṣẹ́ Stripe ti Amẹ́ríkà ra Paystack ní 2020, ó san ohun tó lé ní 200 mílíọ̀nù dọ́là. Ẹ rò ó wò: ilẹ̀kùn ìgbowó lásán ni Paystack, iye yẹn ni wọ́n sì rà á.

Lẹ́yìn náà ni Wave ti Senegal dé Abidjan ní 2021. Wọ́n ní fífi owó síbẹ̀ àti yíyọ rẹ̀ di ọ̀fẹ́, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún péré ni ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ máa san. Ẹni tó fi 10,000 CFA ránṣẹ́ san 100 CFA. Àwọn tó kù ní láti já owó tiwọn wálẹ̀.

Fún olówò kékeré, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Bí owó ìfiránṣẹ́ bá wọ́n, ọjà 2,000 CFA kò ṣeé tà lórí ojú òpó. Bí ó bá rọjú, ó ṣeé tà.

Kí ni ẹ lè fi ojú òpó tà lónìí?

Ká ní ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan ń ta lésì àti ànkárá ní Williamsville, ó sì ti ra orúkọ kan tó parí sí .ci. Mi ò ní ní kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìpolówó Google. Ọjà tirẹ̀ ni kó kọ́kọ́ gbé síbẹ̀: àwòrán tó mọ́lẹ̀, iye owó tó hàn gbangba, ọ̀nà ìsanwó orí fóònù, àti ọjọ́ tí ẹrù máa dé. Ọ̀pọ̀ olówò wa kì í fẹ́ kọ iye owó síta, wọ́n á ní "ẹ bá mi sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀". Wọ́n gbà pé ìdúnàádúrà ni òwò. Òótọ́ ni nínú ọjà. Lórí ojú òpó, ẹni tí kò bá rí iye á kàn tẹ̀síwájú ni.

Lẹ́yìn ọjà ni iṣẹ́ ọwọ́. Aránṣọ lè gba owó ìdúró, kí oníbàárà fi orí ojú òpó yan ọjọ́ tó máa wá wọn aṣọ, kó sì san díẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó mọ gèlè wé lè kọ́ àwọn èèyàn nínú fídíò, kó fi èyí tó rọrùn ṣe èènì lọ́fẹ̀ẹ́, kó sì ta èyí tó jinlẹ̀. Ẹ rántí pé ọmọ Ẹ̀jìgbò tó gbọ́ Yorùbá àti Faransé ní ohun tí ẹni Èkó kò ní: ó lè bá olùrà Abidjan àti olùtà Ọ̀ṣun sọ̀rọ̀ lórí ojú òpó kan náà. Alárobọ̀ ni, ó sì yẹ kí èdè méjì rẹ̀ mú owó wá.

Bí èrò bá ti ń wá déédéé, ìgbà náà ni owó ìsọ̀ kàn. Kí ó má tíì dé ọ̀dọ̀ Google. Kí ó kọ́kọ́ lọ bá aládùúgbò tó ń ta bàtà tàbí ẹni tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó, kí wọ́n san iye kan lóṣù láti wà lójú òpó rẹ̀. Olówò tó wà ní òpópónà kejì mọ ohun tí oníbàárà ará Williamsville kan tó fún un, ó lè sanwó fún un ju bí Google ṣe máa san lọ.

Google fúnra rẹ̀ kéde ní oṣù Kọkànlá 2023 pé òun yóò máa fi iye ìgbà tí wọ́n rí ìpolówó sanwó, kì í tún ṣe iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kò bi ojú òpó kankan kó tó yí i padà. Ẹni tó bá ń ta lésì tirẹ̀ kò ní ọ̀gá tó ń yí owó padà fún un bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín. Orúkọ ojú òpó ní owó tí ẹ ó máa san lọ́dọọdún, àyè tí wọ́n ń gbé e pamọ́ sí ní tirẹ̀, bí ẹ bá sì gbàgbé láti san án, ẹlòmíràn lè ra orúkọ náà. Àwòrán lésì ọdún tó kọjá tí kò sí lọ́jà mọ́ á sì máa lé èèyàn sá. Ẹni tí kò bá ní àyè láti tọ́jú rẹ̀, kó máa lo WhatsApp lọ.

Ilẹ̀ onílẹ̀

Kí wá ni ìdí tí ẹnikẹ́ni á fi dá ara rẹ̀ lágara, nígbà tí Facebook àti WhatsApp jẹ́ ọ̀fẹ́?

Ní oṣù Kẹwàá 2014, ojú òpó Linda Ikeji, tó wà lórí Blogger tí Google ni nígbà náà, dédé pòórá lẹ́yìn ẹ̀sùn lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́. Ó padà dé lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn èyí ló sì kó lọ sí àyè tó jẹ́ tirẹ̀. Gbogbo Nàìjíríà ló gbọ́ nígbà tí tirẹ̀ pòórá. Tí ti aránṣọ kan bá pòórá, ta ló máa gbọ́?

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá 2021, Facebook, WhatsApp àti Instagram kú papọ̀ fún nǹkan bí wákàtí mẹ́fà. Ẹni tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni oníbàárà rẹ̀ wà kò ní ibòmíràn tó lè wá wọn sí.

Àwọn ará Abidjan kò nílò kọ̀ǹpútà láti mọ ohun tí à ń pè ní ilẹ̀ onílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, àwọn aláṣẹ wó ilé àti ṣọ́ọ̀bù ní Gesco, ní Yopougon, àti ní Boribana, ní Attécoubé. Ẹni tó ti ń pàtẹ síbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá gbé tábìlì rẹ̀ lọ sí ibòmíràn, ṣùgbọ́n oníbàárà tó máa ń gba ibẹ̀ kọjá kò mọ ibi tó lọ. Ohun tó ṣe àwọn tí Ghana lé ní 1969 náà ló ṣe é, àyàfi bí ó bá ní ibì kan tí oníbàárà lè wá orúkọ rẹ̀ sí.

Ibẹ̀ ni mo ti rò pé owó ojú òpó wà jù fún olówò kékeré: orúkọ tí a lè gbé kiri.

Orúkọ yẹn pàápàá, orí wáyà ló wà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, wáyà mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nínú òkun lágbègbè Abidjan. Íntánẹ́ẹ̀tì kú tàbí kó falẹ̀ ní Côte d'Ivoire, Ghana, Benin, Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, iṣẹ́ àwọn báńkì kan ní Nàìjíríà sì dẹnu kọlẹ̀. Ó gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí àwọn ọkọ̀ ojú omi tó tún un so tán. Ní ọjọ́ yẹn, ẹni tó ti kọ nọ́ńbà àwọn oníbàárà rẹ̀ sínú ìwé ṣì lè pè wọ́n lórí fóònù, kó sì ní kí wọ́n fi nọ́ńbà kúkúrú sanwó. Àwọn tó kù jókòó de wáyà.